Ọwọ́ Démọ́lá

Adéwọlé Ilésanmí kì í ṣe baba burúkú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ tó o bá yà kí i nílé rẹ̀ ní Rumuibekwe, ní Port Harcourt, kó o tó jókòó dáadáa pàápàá. Á sọ irú iléèwé tó rán ọmọ rẹ̀ lọ, á sọ ti tíṣà tó ń wá kọ́ ọmọ náà ní físíìsì ní ọ̀sán Sátidé, á sọ bí òun ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ báǹkì dé pẹ̀lú ìwé ìṣirò tuntun lábẹ́ abíyá. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí kì í sọ ló pọ̀.

Ọdún 1999 ni báǹkì gbé e kúrò n'Íbàdàn wá sí Port Harcourt. Oyún wà nínú Ọlábísí ìyàwó rẹ̀ nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni Ọlábísí, kò sì pẹ́ tí wọ́n dé tó fi bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Démọ́lá. Ọmọ mìíràn kò tẹ̀lé e. Orí ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni Adéwọlé wá di gbogbo ẹrù lé, bí ìgbà tí wọ́n bá kó ẹrù odindi agbo ilé lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan lẹ́yìn. Ó rí bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo ṣe ń gbé nínú ọgbà tí iná kì í ti í lọ, ó rí ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ wọn lọ síléèwé, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Démọ́lá kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tí baba rẹ̀ ti ń sọ fún àlejò pé, "Ẹnjiníà epo lẹ̀ ń wò yìí o."

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà dunni ni pé ọmọ yìí ní ẹ̀bùn rẹ̀ lóòótọ́. Kì í kàn ka ìwé lásán, ó ń fọwọ́ ka ayé ni. Bí Ọlábísí bá ń din ẹran, á fa àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, why di oil dey stay on top water? Why e no gree mix?" Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, Píjìn ló fi ń ronú. Ọlábísí á ní òun kò mọ̀, kó lọ wádìí rẹ̀ wá sọ fún òun. Ọmọ á sì wádìí rẹ̀ wá lóòótọ́.

Ìgbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mádáàmù Worlu, obìnrin Ikwerre tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì, fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ hàn wọ́n ní kíláàsì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é, wọ́n gba máàkì, wọ́n gbàgbé. Démọ́lá gbé e délé. Ó ra àdín, ó wá kọ́sítíìkì, ó fi ìkòkò àtijọ́ ìyá rẹ̀ rò ó lẹ́yìn ilé. Àkọ́kọ́ bó èèyàn lọ́wọ́. Èkejì kò hó. Kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ọṣẹ olómi rẹ̀ ń hó yàà, kì í ha ọwọ́, ó sì ń ṣí ọ̀rá lára abọ́ bí ẹni bọ́ aṣọ. Inú ike omi tí wọ́n ti mu tán ló ń rọ ọ́ sí. Ó gbé díẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù irun tó wà níwájú àdúgbò wọn, ó gbé díẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní Rumuigbo. Ẹni tó bá rà lẹ́ẹ̀kan, á ránṣẹ́ padà. Ọmọ náà ń bi wọ́n léèrè: ṣé ó kì jù ni? Ṣé òórùn rẹ̀ bá wọn lára mu? Bí wọ́n bá ti wí, á lọ tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ibi tí obìnrin olóúnjẹ yìí ń tà sí ni Adéwọlé àti ẹnì kejì rẹ̀ ní báǹkì lọ jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹnì kejì yìí fọ ọwọ́, ó ní ọṣẹ yìí dára o. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Na one small Yoruba boy for Rumuibekwe dey cook am. Démọ́lá. Him papa na big man for bank, but di boy no dey do yanga at all."

Ẹnì kejì rẹ̀ wo Adéwọlé. Adéwọlé ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn, ó dìde.

Ó délé, kò bọ́ṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà, níbi tí àwọn ike náà tò sí lábẹ́ òrùlé. Ó ń ṣí wọn, ó ń dà wọ́n sí gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìfófòó ọṣẹ sì gba ojú gọ́tà kan. Démọ́lá dúró, ó ń wò ó. Kò sunkún.

"Dádì, ṣé ó burú ni?" Ìyẹn nìkan ló bi í.

"Ọmọ Ilésanmí kì í kiri ọjà! Torí kó o lè di ẹnjiníà ni mo ṣe ń náwó, kì í ṣe torí kó o lè di ọlọ́ṣẹ lẹ́bàá títì. Ìwé lọmọ èèyàn fi ń rọ́wọ́ mú. Padà sídìí ìwé ẹ."

Ọlábísí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó padà sídìí iná. Bàbá Démọ́lá ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ilé, òun náà ló sì ni ìbínú inú rẹ̀.

Mádáàmù Worlu gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá sílé wọn lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó wé gèlè rẹ̀, ó jókòó ní etí àga bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní fún òun lómi. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní kẹ́mísìrì, àwọn tó lè há a sórí pọ̀, àwọn tó lè lò ó ṣọ̀wọ́n. Ó ní kí baba náà fún ọmọ yìí ní kọ̀rọ̀ kan nínú ilé tí yóò máa dán nǹkan wò, kó ra ìbọ̀wọ́ fún un àti gíláàsì tí yóò fi bo ojú. "Oga, sit down with am one day make e explain wetin e dey do to you. Na dat one be di real lesson. If e wan sell, allow am sell. If e lose, make e lose small one now, for your front."

Adéwọlé dá a lóhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì báǹkì pé òun mọ ohun tó dára fún ọmọ òun. Ó sin ín dé géètì. Ó padà wọlé, ó ní obìnrin náà kàn fẹ́ fi ọmọ òun wá owó kún owó oṣù rẹ̀ ni. Ọlábísí mọ̀ pé obìnrin náà kò béèrè kọ́bọ̀.

Báyìí ni Démọ́lá ṣe padà sídìí ìwé. Ó yege. Ó wọ Yunifásítì, ó ń ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà bí baba rẹ̀ ṣe fẹ́. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé, wọ́n ti ìlú Port Harcourt pa, oúnjẹ wọ́n, ọṣẹ ìfọwọ́ sì di góòlù. Démọ́lá wo ìyá rẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìsí nǹkan tó lè fi pa kòkòrò lọ́wọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó lọ ṣí yàrá ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń pè ní bọ́ìskọ́tà, tó ṣófo látìgbà tí wọ́n ti ra ilé náà. Ó gbá a, ó kan tábìlì pákó sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ àti omi ìfọwọ́ tó ń pa kòkòrò.

Lọ́tẹ̀ yìí baba rẹ̀ kò dà á nù. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wọn ti ránṣẹ́ béèrè fún ìgò díẹ̀, àwọn aládùúgbò ń kan géètì, wọ́n ń pè é ní bàbá sáyẹ́ǹtíìsì. Ó fẹ́ràn ìyẹn. Fún àkókò tí kò gùn, ilé náà dùn ún gbé. Démọ́lá gba obìnrin àdúgbò kan àti ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ láti máa bá a rọ nǹkan sí ìgò. Ó so páìpù àti ìkòkò méjì pọ̀, ó fi ń se ọtí líle tó ń lò sí omi ìfọwọ́ náà, ó ń jẹ́ kí ooru rẹ̀ padà di omi, kó lè mọ́ kedere. Ó tiẹ̀ fa baba rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé lọ́jọ́ kan láti fi hàn án. Adéwọlé dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún, ó jáde.

Nígbà tí Démọ́lá ka ìwé tán lọ́dún 2022, ó ní ohun kan ṣoṣo tó wù ú: kí baba òun jẹ́ kí òun máa lo yàrá ẹ̀yìn yẹn títí tí òun yóò fi gba òǹtẹ̀ ìjọba fún ọjà òun, tí òun yóò sì rí ibi tó tóbi gbà ní Rumuomasi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Ayọ̀ọlá, alàgbà nínú ìjọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́, pe Adéwọlé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àyè iṣẹ́ kan ń bọ̀, òun yóò ti Démọ́lá síbẹ̀. Ó wá fi ẹ̀rín sí i: ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan, Ayọ̀bámi, ń bọ̀ wá sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní Port Harcourt, kò sì ríbi dé sí. Ṣé yàrá ẹ̀yìn yẹn kò ṣófo?

"Ó ṣófo, sà," ni Adéwọlé wí.

Ìyá àti ọmọ kò sí nílé lọ́jọ́ tí Adéwọlé kó ẹrù inú yàrá náà jáde. Démọ́lá ti lọ kó ìgò. Ìgbà tó dé, ó bá ìkòkò àti páìpù rẹ̀ nínú òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti tẹ páìpù kan kó lè wọ inú àpò. Ayọ̀bámi ti ń kọ́ kọ́tìnì. Ọmọ dáadáa ni ọmọ yẹn, ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò mọ̀.

"Dádì, mo ti bá àwọn oníbàárà ṣèlérí."

"Àwọn oníbàárà ìfọwọ́? Lẹ́tà iṣẹ́ ń bọ̀, Démọ́lá. Ìgbà tó o bá wọ ọgbà elépo, ìwọ fúnra ẹ lo máa fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín."

"E don do, sir," ni Démọ́lá wí. Láti ọjọ́ yẹn kò pè é ní Dádì mọ́.

Lẹ́tà náà kò dé. Oṣù ń gorí oṣù. Adéwọlé ń kí Ọ̀gá Ayọ̀ọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá Ayọ̀ọlá ń ní kó fi sùúrù sí i. Ayọ̀bámi sin ìjọba tán, ó lọ, àbúrò rẹ̀ wọlé dípò rẹ̀. Démọ́lá ń sùn di ọ̀sán, ó ń jókòó sí iwájú ilé láìwo ohunkóhun. Ìgbà náà ni Dayọ̀ wá a wá, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Yunifásítì, tó ti wọ bàtà olówó ńlá. Dayọ̀ mọ ohun tí òun ń wá. Ó ti rí ìkòkò méjì àti páìpù yẹn rí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn se epo rọ̀bì nínú igbó ẹ̀bá odò, tí wọ́n ń pè ní kpofaya. Èéfín wọn ló ń padà sórí ìlú. Bí Ọlábísí bá sá aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ funfun, á ká a pẹ̀lú àmì dúdú lára. Bó bá fi ìka nu ojú fèrèsé láàárọ̀, ìka á dúdú. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun ti wà nínú rẹ̀. Ohun tí Démọ́lá sọ fún wọn ni pé òun rí iṣẹ́ kékeré kan ní Bonny.

Nínú igbó yẹn, wọ́n fún un ní gbogbo ohun tí kò rí gbà nílé. Wọ́n fún un láyè. Wọ́n ra ohun tó bá béèrè. Àwọn àgbà ọkùnrin ń dákẹ́ bó bá ń ṣàlàyé ìgbà tó yẹ kí wọ́n dín iná kù. Kẹrosíìnì rẹ̀ ń mọ́ bí omi òjò, wọ́n sì ń yangàn lórí rẹ̀: "Na Professor cook dis one. E no dey smoke." Ó sọ èyí fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò sì fi ìtìjú sọ ọ́. Ìyẹn ló pa ìyá rẹ̀ lára jù.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìpè wọlé, Adéwọlé ń so táì níwájú dígí. Ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló sọ orúkọ ilé ìwòsàn kan, ó gé fóònù. Ọmọkùnrin kan ló pẹ́ jù kó tó dín iná kù, ìkòkò bẹ́, Démọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹnì kejì rẹ̀ jáde. Dayọ̀ ni ẹni tó fà. Dayọ̀ kú ní ọjọ́ kejì.

Ọlábísí ti wẹ ọgbẹ́ iná fún ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wọ yàrá náà, ó wo ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i. Ó yíjú padà sí ọkọ rẹ̀ tó ṣì wọ táì.

"Bàbá Démọ́lá, ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kò pariwo.

Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ká kò bí èékánná ẹyẹ. Àwọn dókítà là wọ́n, èyí tó ṣe é là. Démọ́lá lè gbé ife tó bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Kò lè di páìpù mú, kò lè mú tẹmómítà kékeré, kò lè ṣí ìgò. Kí ó tó di pé ó jáde nílé ìwòsàn, Mádáàmù Worlu ti wá, orí rẹ̀ ti funfun, ó ti fẹ̀yìn tì. Kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ibi tí òun ń gbé mọ́tò sí ní Rumuigbo ṣófo, torí mọ́tò òun ti kú tipẹ́.

Ibẹ̀ ni Démọ́lá ń gbé di òní. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá kọ́ ṣíṣe ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, Rọ́fíàt, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù irun kan, ló mọ ọwọ́ rẹ̀ jù nínú wọn. Démọ́lá á jókòó, á sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àwọn ni yóò ṣe é. Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ, apá rẹ̀ á sún síwájú fúnra rẹ̀ láti lọ tún un ṣe, á sì dúró sí ojú ọ̀nà. Á fà á padà. Àwọn ọmọ ti mọ̀ pé kí àwọn má wo ibẹ̀.

Adéwọlé lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì, ó ti lé àbúrò Ayọ̀bámi jáde nílé. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ.

"Mo ti tún bọ́ìskọ́tà kùn," ó ní. "Mo fa omi sí i. Máa bọ̀ nílé."

"Thank you, sir. We dey okay here."

"Démọ́lá, Yorùbá ni mo ń bá ẹ sọ."

"Mo gbọ́ yín, sà. A dúpẹ́." Ó yíjú sí Rọ́fíàt, ó ní kó fi omi kún un díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọ wọn ṣe ọ̀sẹ̀ ẹbí. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò mọ ju pé ọmọ Alàgbà Ilésanmí ka ẹnjiníà kẹ́míkà, ìjàǹbá sì ṣe é níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí baba náà bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ran ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, kó lè ríṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Ó yẹ kó kọ̀. Kò kọ̀. Ó wọ kóòtù, ó gba máìkì, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ ti iléèwé gidi, ó sọ ti tíṣà Sátidé, ó sọ ti ìwé ìṣirò. Ó ní kí òbí má fi owó du ìwé ọmọ. Àwọn èèyàn ń mi orí. Ọlábísí wà ní ìlà kejì, àpò rẹ̀ lórí itan, ojú rẹ̀ gbẹ.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, ọkùnrin kan dìde ní ẹ̀yìn, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sí èjìká. Adéyínká lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dé ìlú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ọmọ yín wà ní kékeré, kí ló máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Báwo lẹ ṣe ń bá a ṣe é?"

Adéwọlé tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Ìwé," ó ní. "Ìwé ló fẹ́ràn."

Ọlábísí gbé àpò rẹ̀. Ó dìde, ó gba àárín ìlà méjèèjì kọjá láìyára, bàtà rẹ̀ ń dún lórí táìlì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn èèyàn yí ọrùn tẹ̀lé e. Níta, ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ní Rumuigbo ni òun ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ òun.

Adéwọlé sún máìkì mọ́ ẹnu sí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó parí.